Ta Ló Ní Kí Á Yan Gààrí Pupa?

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ikhlas, ọmọ Síkírù,

Rose ni ó ń kọ èyí sílẹ̀ fún mi. Òun náà ni yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ láti orí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ kan ti yọ kúrò nínú rẹ̀, Rose ni kí o bi. Mo ti sọ fún un pé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kí ó kọ, ì báà ṣe òun ni mò ń bú. Ó ní òun gbọ́. Ó ń pòṣé báyìí. Rose, kọ ọ́ pé o ń pòṣé.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì dé? Ara mi le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn. Bàbá rẹ kí ọ. O ní kí n máa gba ìpè dípò kí n máa kọ̀wé. N kò fẹ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ náà á máa sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì gé e níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. O mọ ilé gààrí wa. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá bàbá rẹ kú. Ràmọ́tà ló ni ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, òun ló sì ń fún omi rẹ̀. Rose ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ayọ̀fẹ́, tó kéré jù nínú wa, òun ló ń sẹ́ ẹ, tó tún ń bá mi yan án. Láti ọjọ́ tí ilé yẹn ti wà, gààrí funfun là ń yan, gààrí Ìjẹ̀bú tó kúnná, tó kan dáadáa, tí ènìyàn bá rẹ ẹ́ sómi, á jókòó jẹ́ẹ́ sísàlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rose wọlé, ó ní Ìyá Jọmílójú tó ń se oúnjẹ tà ní ọ̀nà Ìjagun fẹ́ máa ra gààrí lọ́wọ́ wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo ní Alhamdulilahi. Ó ní gààrí pupa ló fẹ́, èyí tí wọ́n fi epo sí.

Mo ní, "Gààrí pupa? Kí ni funfun ṣe?"

Ó ní, "Màmá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ibí. Pupa ni wọ́n ń jẹ nílé wọn."

Mo ní kí wọ́n máa lọ jẹ ẹ́ nílé wọn.

Síbẹ̀, mo ṣe ohun tó yẹ kí àgbà ṣe. Mo bi gbogbo wọn léèrè. Mo ní, "Ta ló fẹ́ gààrí pupa nínú yín?" Ràmọ́tà kò fọhùn. Ayọ̀fẹ́ kò fọhùn. Nínú ilé wa, ẹni tí kò bá fọhùn ti kọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ènìyàn kì í la ẹnu sọ fún àgbà pé òun kọ̀, ṣe ni á tẹ ojú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Rose ní kò tíì parí. Ó ní ìdákẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, pé bí a bá lé Ìyá Jọmílójú lọ, òun á bá a lọ, òun á lọ dá tòun sílẹ̀.

Bí Rose bá lọ, ilé gààrí tú nìyẹn. Ta ni yóò bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀? Ṣé èmi? Òtítọ́ ni mo máa ń sọ fún wọn.

Wọ́n ní o ti di ọ̀gá lórí àwọn tí ẹ jọ ń dáná nílé àwọn arúgbó tí o wà yẹn. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe bí ẹnu yín kò bá kò? Kọ ọ́ sí mi. Má kọ ọ́ gùn. Kí o sì fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe èyí tó ní orí ológbò lára bíi ti èṣí. Alàájà kan bi mí ní mọ́sálásí bóyá ọmọdé ni mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Rose ní kí n fi kún un pé òun kò rí mi fín. Lóòótọ́, kò sọ̀rọ̀ àrífín. Ó kàn wò mí ni.

Èmi ni, Mùínátù, ìyá bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ìyá àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Àǹtí Rose, ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ ka èyí. Ẹ má bínú sí Ìyá àgbà. Ẹ mọ̀ wọ́n.

Ìbọ̀sẹ̀ ti wà lọ́nà. Kò ní ológbò lára. Ó dùn mí díẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ológbò yẹn, torí pé mo pẹ́ ní ìsọ̀ kí n tó mú un.

Òótọ́ ni pé wọ́n ti fi mí ṣe olórí ilé ìdáná. Àwa mẹ́ta péré ni. Èmi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maureen, tó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin ará Poland kan tó ń jẹ́ Pawel. Ìyá àgbà, iṣẹ́ náà kò le. Ènìyàn ló le. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ipò yìí, mo ní kí á máa bi àwọn arúgbó léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́sàn-án kí á tó dáná, dípò kí á kàn máa gbé oúnjẹ síwájú wọn. Maureen ń gé kárọ́ọ̀tì, kò fọhùn. Pawel ń fọ ìkòkò, kò fọhùn. Mo rántí ilé gààrí, mo sì mọ̀ pé wọ́n kọ̀ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀, n kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ bi mí ní ohun tí à ń ṣe bí ẹnu kò bá kò. Wọ́n rán mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó pọ̀. Kí ẹnì kan sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kí ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ yí ohùn padà lọ́la.

Kí n má purọ́, èmi fúnra mi kò tíì lè ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá dákẹ́ níwájú mi, ṣe ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè gbìyànjú rẹ̀ wò. Àǹtí Rose lè bá yín pe ìpàdé náà.

Ọmọ yín,
Ikhlas.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ikhlas,

Timothy ni ó ń kọ èyí. Timothy, ọkọ Rose. Rose kò bá mi kọ̀wé mọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì ń bẹ̀rù mi, èyí tó mú kí iṣẹ́ yá.

N kò ní kí ọ pẹ́. O ti tú ilé mi ká.

Ìwé rẹ dé sórí fóònù Rose. Rose kà á fúnra rẹ̀, ó tún un kà, ó wá kà á sí gbogbo wa létí nílé gààrí bí ẹni ń ka ìwé láti ààfin. Lẹ́yìn náà ó dìde dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ti gbọ́ bí Ikhlas ṣe ní wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí á yan gààrí pupa, kí ó sọ̀rọ̀ nísinsìnyí."

Ràmọ́tà kò sọ̀rọ̀. Ayọ̀fẹ́ ń sẹ́ ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ṣé o ń gbọ́ mi? Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ gidi. Mo dákẹ́ débi pé ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ gan-an, ó yẹ kí ó gbọ́ pé Mùínátù kò gbà.

Rose ní, "Ó dáa. Gbogbo wa ti gbà." Ó mú fóònù, ó pe Ìyá Jọmílójú, ó ní kí ó máa retí gààrí pupa.

Ní ọjọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì epo dé, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi. Mo ní kí wọ́n gbé e jáde. Rose ní ìlérí ti lọ. Mo ní, "Ta ló ṣèlérí?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ dákẹ́."

Mo wá pè é ní . . . . . . . . . .

Timothy ní òun kò lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Mo ní ó dára, fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, Ikhlas mọ̀ mí, á mọ ohun tó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Timothy ní mo ti gba àyè tó pọ̀ jù.

Bí nǹkan ṣe rí báyìí nìyí. Rose ti jókòó sílé rẹ̀. Ràmọ́tà ti ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ayọ̀fẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń yan gààrí báyìí. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú láti oko sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé gààrí. Ẹ̀gẹ́ kì í mọ̀ pé ìjà wà nílé. Ó ń bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀. Mò ń dá a bó. Ọwọ́ mi kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìwé rẹ ló fà á. Kọ òmíràn kí o fi tún un ṣe. Ní ti àwọn méjì tí ẹ jọ ń dáná, wọ́n kọ̀ ni. Ó dára bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ ti dé. Ó dára. Timothy kí ọ. Ó bẹ̀ ọ́ pé bí o bá ń fèsì, kí o fi sórí fóònù tòun, kí ó má ṣe jẹ́ ti ìyàwó òun. Inú yàrá kan náà ni fóònù méjèèjì ń sùn, ṣùgbọ́n ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ.

Mùínátù.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ìyá àgbà,

Ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn bó ṣe rí, kódà ibi tó le.

Ibi tó le nìyí. Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún ìyàwó tuntun níwájú àwọn àna rẹ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ kò dé ojú ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ lé dókítà jáde ní yàrá yín, tí ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí ẹni tí kò bá gbà sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà lẹ wá dákẹ́?

N kò ní ẹnu láti bá yín wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́jọ́ Àlàmísì, Maureen dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ ohun tí a jọ fẹnu kò sí?"

Mo ní, "Kí la fẹnu kò sí?"

Ó ní, "Pé kí á máa bi àwọn arúgbó ní ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Èmi àti Pawel ti gbà."

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ gbà?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní, "O bi wá, a kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kí lo tún fẹ́ kí á sọ?"

Wọ́n ti ń retí mi láti ìgbà náà, Ìyá àgbà. Wọ́n ti lọ sọ fún ọ̀gá àgbà pé mo máa ń dá nǹkan sílẹ̀ tí n kì í parí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní bí òpin oṣù kọkànlá bá dé tí nǹkan kò yí padà, òun á fi Pawel ṣe olórí. Pawel, tó ń fọ ìkòkò.

Ẹ wò ó bí mo ṣe rí i: ẹ̀kọ́ yín ló dà mí rú, ẹ̀kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ ló dà yín rú. A ti pààrọ̀ àrùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Ìyá Ràmọ́tà, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí ìdákẹ́ wọn ń sọ. Kì í ṣe nílé gààrí. Ẹ lọ bá wọn nílé wọn. Kí ẹ bi Ayọ̀fẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní àgbà kì í lọ bẹ ọmọdé wò nítorí ọ̀rọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Ikhlas.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ìyá àgbà mi,

N kò gbúròó yín láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé. Mo pe bàbá mi, wọ́n ní, "Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń bínú." Mo pe Bàbá Tíṣà, wọ́n ní àwọn wà níbi tí àwọn kò ti lè sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn Àǹtí Rose lẹ́yìn wọn.

Bí ẹ bá dákẹ́ nítorí pé ẹ ń bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́ nítorí pé ẹ ti gbà, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀kan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní báyìí n kò mọ ìkankan mọ́.

Ṣé ilé gààrí ṣì wà?

Ikhlas.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ikhlas, ọmọ Síkírù,

Rose ni ó ń kọ èyí. Timothy jókòó tì í, ó ń wo bóyá ó fi àmì sí i dáadáa. Àwọn méjèèjì ni mo pè, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lọ́la pé òun kò sí níbẹ̀.

N kò bá ọ yan odì. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹni tó ń dá ẹ̀gẹ́ bó kì í ní ẹnu láti fi kọ̀wé. Mo bó títí, èyí tí n kò lè bó jẹrà, mo ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ọkùnrin kan lẹ́yìn odi. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ló bí mi nínú tí mo fi dìde.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ sílé Ràmọ́tà. Ó rí mi, ó ní, "Ìyá Síkírù, ṣé ẹ wá bú mi débi ni?"

Mo ní, "Mo wá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ni."

Ó ní, "Ẹ jókòó, kí n lè mọ̀ pé ìbéèrè ni."

Mo jókòó. Mo ní, "Bí mo bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ tí o dákẹ́, kí lò ń sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ń retí kí ẹ parí ni, kí n lè máa lọ sílé. Kí ẹ tó bi wá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ohùn tí ẹ fi ń bèèrè ti gbé ìdáhùn dání."

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ gààrí pupa?"

Ó ní, "Mo fẹ́. Ṣebí kí ó tó di pupa ló ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ mi."

Láti ìgbà tí a ti jọ wà, mo rò pé ẹ̀yìn mi ni Ràmọ́tà wà. Ó wà lẹ́yìn mi lóòótọ́, ó ń wo ọ̀nà ilé rẹ̀.

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ayọ̀fẹ́ rí mi lókèèrè, ó sá wọlé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní n kì í ṣe ọlọ́pàá. Nígbà tó yọjú, mo bi í ní ohun tí mo bi Ràmọ́tà. Kò fọhùn. Mo ní, "Ìdákẹ́ tí o ń dá lọ́wọ́ yìí ńkọ́? Kí ni ìyẹn ń sọ?"

Ó ní, "Ẹ̀rù ni, Màmá."

Mo ní kí ó gbé báàgì rẹ̀, kí ó jẹ́ kí á máa lọ. Ẹ̀rù náà tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n ó wá.

Mo rán Timothy sí Rose. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ ó tó ọjọ́ méjì kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Timothy ní òun ń wá ìgbà tó wọ̀ ni. Rose ń rẹ́rìn-ín báyìí. Kí ó máa kọ ọ́.

Nígbà tí àwa mẹ́rin pé, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ràmọ́tà ní kí n dúró ná. Ó ní bí èmi bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó tún máa sọ̀rọ̀ mọ́, pé kí ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí ó máa gòkè bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Kí kálukú sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí á má ka ìdákẹ́ ẹnikẹ́ni sí nǹkan kan.

Mo ní, "Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ràmọ́tà ní, "Ilé tí wọn kì í ti í fi ẹ̀gẹ́ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀."

Ni wọ́n bá yíjú sí Ayọ̀fẹ́. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Mi ò fẹ́ gààrí pupa."

Rose ní, "Ayọ̀fẹ́. Mo rò pé tèmi lò ń ṣe."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ kò bi mí. Bí epo bá kán síná, èéfín rẹ̀ máa ń ta lójú. Ibi tí mo jókòó sí yìí, ojú mi ni gbogbo èéfín ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti débí ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi epo kún un."

Gbogbo wa ni a ti ń rí i tó ń nu ojú. Rose rò pé ẹ̀dùn ọkàn ni, nítorí ọkọ Ayọ̀fẹ́ tó wà ní ìdálẹ̀. Ó tiẹ̀ máa ń gbàdúrà fún un. Èmi rò pé bí ojú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Rose ní òun fẹ́ pupa. Ràmọ́tà ní òun fẹ́. Ó wá di méjì sí ọ̀kan, ó ku èmi. Bí mo bá ní n kò fẹ́, yóò di méjì sí méjì, mo sì mọ̀ pé Rose á gbé báàgì rẹ̀. Wọ́n ń wò mí. Mo ronú. N kò fẹ́ràn kí wọ́n máa wò mí bí mo bá ń ronú.

Mo ní, "Ìlérí ti jáde nínú ilé yìí. Ẹni tó ṣe é kò ṣe é bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo wa ni Ìyá Jọmílójú gbọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní ìlú yìí pé àwa a máa sọ̀rọ̀ kí á tún gbé e mì. A ó yan án lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n Ayọ̀fẹ́ kò ní yan án. Èmi ni n ó jókòó síbi èéfín."

Rose ní, "Màmá, ẹ̀yin? Gààrí pupa?"

Mo ní bí a bá máa ṣe ohun tí kò dára, ó kéré tán kí á ṣe é kí ó dára.

Ikhlas, mo yan án. Mo da epo sí i, mo fi igbá rò ó, mo jókòó síbi tí Ayọ̀fẹ́ ń jókòó. Èéfín yẹn burú. Kí agbada àkọ́kọ́ tó kúrò lórí iná, ojú mi ti pọ́n ju gààrí lọ. Mo ké sí bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀gbẹ́ wa, mo ní kí ó wá yí ẹnu ààrò náà sí ẹ̀yìn ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti parí rẹ̀. Ayọ̀fẹ́ jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ wá èéfín, kò rí i. Ohun tí kò sọ láti ọjọ́ yìí wá, iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni.

Ìyá Jọmílójú gba gààrí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ nílé wọn, ó kan díẹ̀ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí á máa gbé e wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Rose kó wa jọ. Mo dákẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ràmọ́tà ní, "Ìyá Síkírù, ẹnu là ń lò níbí báyìí."

Mo ní, "N kò fẹ́."

Ó ní kò tíì kàn mí, Ayọ̀fẹ́ ló kàn.

Ayọ̀fẹ́ ní òun fẹ́. Ó wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tí èéfín ti kúrò, òun kò rí ohun tó ṣe gààrí pupa mọ́. Rose fẹ́. Ràmọ́tà fẹ́. Nígbà tó wá kàn mí, mo sọ tèmi, mo sì sọ ọ́ kí ó gbọ́ dé títì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ gbé epo.

N kò sọ pé mo jẹ̀bi. Mo sọ pé wọ́n pọ̀ jù mí lọ. Ọjọ́rú ni wọ́n ń yan pupa, ní agbada ọ̀tọ̀. Èmi kò ní jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń yan án, nítorí pé àwọn ọmọ yìí kò mọ ìgbà tí iná rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó kù sọ́wọ́ rẹ. Pawel ni kí o kọ́kọ́ lọ bá lọ́la, nítorí òun ló kéré jù. Bi í léèrè, kí o má sì fọhùn títí tó fi máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o lọ bá Maureen, kí o sọ fún un pé o ti gbọ́ ọ. Kí o tó wá lọ bá ọ̀gá àgbà yín, kí àwọn méjèèjì ti fi ẹnu ara wọn sọ fún ọ. Bàbá rẹ ló kàn. Pè é lónìí gan-an, sọ fún un ní pẹ̀lẹ́tù pé ìyá rẹ̀ ń yan gààrí pupa, kí ó tó lọ gbọ́ ọ lọ́jà lẹ́nu ẹlòmíràn.